Òbìrìkìtì Àdúgbò Mẹ́rin

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ooru mú débi pé ajá wa kò jáde lábẹ́ ilé orí òpó wa. Mo pe ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ìkọ́lé ní Bangkok, mo sọ fún un pé mi ò ní padà títí àjọ̀dún rọ́kẹ́ẹ̀tì tí abúlé wa fi ń tọrọ òjò yóò fi kọjá. Ó ní tí mo bá dé, òun lè má rí àyè fún mi mọ́. Mo ní kò burú.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tó ti ń kóná.

"Iṣẹ́ lo fi ń ṣeré yẹn, Thawin."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Nítorí arúgbó tí kì í ṣe bàbá ẹ."

Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé ìwé abúlé yìí. Gbogbo ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá Phomma, tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì abúlé wa, ló kọ́ mi.

Ọjọ́ kẹrin

Ìpàdé ní gbọ̀ngàn tẹ́ńpìlì. Baálẹ̀ Sawat sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọdún tó kọjá: kí abúlé dáwó, kí a lọ ra òbìrìkìtì, rọ́kẹ́ẹ̀tì roboto tó ń yí lọ sókè, tó ti parí lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀yìn òkè, kí ojú má baà tì wá lẹ́ẹ̀kejì.

Ojú tì wá lóòótọ́. Tiwa gbéra lọ́dún tó kọjá, ó ń yí bó ṣe yẹ, ó dé òkè orí igi àgbọn, ló bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sáré wọ oko ìrẹsì bí ẹlẹ́dẹ̀ tí ajá ń lé. Abúlé mẹ́ta ló fi wá rẹ́rìn-ín. Orúkọ Bàbá Phomma ni wọ́n pè nínú gbohùngbohùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín, òun náà ni wọ́n sì gbé jù sínú ẹrẹ̀. Àṣà ni. Tó bá gòkè, wọ́n á gbé ọ sí èjìká. Tó bá já, ẹrẹ̀. Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín nínú ẹrẹ̀ náà. Àmọ́ ikọ́ tó bá a jáde níbẹ̀ kò fi í sílẹ̀ títí òjò fi tán lọ́dún náà.

Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ikọ́ yẹn nípàdé. Èmi mẹ́nu bà á. Wọ́n wo ilẹ̀.

Olórí tẹ́ńpìlì wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ẹ fún un ní ọdún yìí. Bó bá tún fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí Phomma kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá síbí kó sinmi, kí ẹ sì máa ra tiyín."

Bàbá Phomma ní, "Mo gbọ́."

Bí a ṣe ń jáde mo lọ bá akọ̀wé. Mo ní kó kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé èmi ni mo ni òbìrìkìtì ọdún yìí. Baálẹ̀ gbọ́.

"Ìwọ? Ara ẹ ti ń yún ẹ láti wọ ẹrẹ̀?"

"Ara mi gbà á ju ti Bàbá lọ, Baálẹ̀."

Ọjọ́ keje

A gé ọparun lẹ́bàá odò. Bàbá ń fi ẹ̀yìn àdá kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ ohùn wọn. Ó kọ mẹ́fà sílẹ̀ tí èmi ìbá gé. Owó páìpù búlúù tí a ń kì ẹ̀tù sí ti gòkè ju tèṣí lọ, ọlọ́jà sì ní kí n máa lọ bí n kò bá rà á. Mo rà á.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ń la ojú omi sí oko wa, ọkọ́ mi kan nǹkan líle. Òbìrìkìtì ọdún tó kọjá ni. Ó ti rì wọ ilẹ̀ látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó wá a, nítorí ta ló fẹ́ rí i?

Mo wú u jáde pátá. Páìpù mẹ́rin, bí a ṣe ń ṣe é: ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, Òkè, Odò, Tẹ́ńpìlì àti Ọ̀nà. Mẹ́ta ti jóná láti orí dé ìdí, inú wọn mọ́ bí ìkòkò tí ajá lá. Ìkẹrin, tí aṣọ aláwọ̀ ewé àdúgbò Òkè ṣì so mọ́, ẹ̀tù kù sí ìdí rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ gún un, ọ̀bẹ kò wọlé. Òkúta ni.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá lórí ọ̀kadà. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi èékánná họ ọ́, ó gbé e sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ.

"Bàbá, kí ni?"

"Jẹ́ kí n jẹun."

Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ẹ̀tù tí a kì le jù, ó máa ń jó bí igi tútù. Mẹ́ta ń gbé e sókè, ọ̀kan ń wọ́ ẹsẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń wọ́, ibẹ̀ ló máa wó sí."

Iye ìgbà kan náà láti fi òòlù lu ẹ̀tù wọlé ni àdúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fẹnu kò sí. Àmọ́ inú àgbàlá tirẹ̀ ni kálukú ti ń kì í, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kejì.

Ọjọ́ kẹtàlá

Ọdún omi, ọdún tuntun wa. Mo bu omi olóòórùn dídùn sí Bàbá Phomma lọ́wọ́, mo tọrọ ìdáríjì, ó gbàdúrà fún mi. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

Ní ọ̀sán, Det da garawa omi yìnyín lé mi lórí. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ilé ìwé, ọmọ Òkè. A jókòó síbi ọtí ìrẹsì, mo bi í léèrè gbangba.

"Det, ṣé ẹ fi òòlù kún tiyín lọ́dún tó kọjá?"

"A fi kún un dáadáa." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí Òkè wá dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yin ará Odò ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń lu òòlù bí ẹni tó ń lé eṣinṣin?"

"Ìyẹn ló já a."

"Irọ́. Tiwa ló lágbára jù."

"Tiyín ló falẹ̀ jù."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Mo mú un lọ wo páìpù náà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀tù yẹn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Má sọ fún Baálẹ̀ pé èmi ni mo sọ."

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sọ fún Baálẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ Òkè. Mi ò dárúkọ Det. Níwájú gbogbo ìpàdé ni mo gbé páìpù náà kalẹ̀, mo ní ìgbéraga Òkè ló ti Bàbá sínú ẹrẹ̀. Mo ní lọ́dún yìí, Bàbá nìkan ni yóò kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Gbọ̀ngàn dà rú. Kì í ṣe Òkè nìkan ló bínú. Àwọn ará Ọ̀nà ní páìpù tí ọwọ́ àwọn kò kàn, ti àwọn kọ́. Àwọn ará Tẹ́ńpìlì ní bàbá àwọn bàbá àwọn ti ń kì í. Àwọn ará Odò, àdúgbò tèmi gan-an, kò tilẹ̀ wò mí.

Baálẹ̀ ní, "Nígbà tí o bá dàgbà, kí o wá pe àgbà ní agbéraga." Òkè dìde, wọ́n jáde. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn.

Bàbá Phomma bá mi rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. "Òótọ́ lo sọ," ó ní. "Àmọ́ o sọ ọ́ bí ẹni tó ń ju òkò. Tí òkò bá ń bọ̀, èèyàn kì í dúró wò ó bóyá òkúta dáadáa ni."

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kò sẹ́ni tó wá síbi iṣẹ́. Èmi àti Bàbá la la ọparun.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Bákan náà. Bàbá wú ikọ́ nígbà mélòó kan. Eruku ni, ó ní.

Ọjọ́ ogún

Ẹsẹ̀ ń dun Màmá, ó rán mi láti lọ fún àwọn mọ́ńkì, àwọn ẹni ẹ̀sìn tó ń gbé tẹ́ńpìlì, lóúnjẹ ní ìdájí. Mo kúnlẹ̀ létí ọ̀nà láàárín àwọn obìnrin pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì alálẹ̀mọ́ mi. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó tuntun ti dé.

Mọ́ńkì mẹ́rin ni tẹ́ńpìlì wa ní lọ́wọ́lọ́wọ́. Wọ́n ń bọ̀ lẹ́sẹẹsẹ láìwọ bàtà. Màmá Baálẹ̀, tó jókòó ṣáájú mi, kì í ṣahun. Ìṣù ìrẹsì tó ń bù tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Ó fi ọ̀kan sínú abọ́ àkọ́kọ́, ọ̀kan sí ìkejì, sí ìkẹta, sí ìkẹrin. Obìnrin tó tẹ̀ lé e láháwọ́, gbogbo abúlé mọ̀. Bíńtín bí ọmọ ìka ló ń bù. Bíńtín sí ti àkọ́kọ́, bíńtín sí ìkejì, bíńtín títí dé ìkẹrin. Mo wo inú abọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú mi. Ìrẹsì ọlọ́wọ́ ńlá àti ti aláháwọ́ ló wà níbẹ̀, kò sì sí abọ́ tó kún ju èkejì lọ.

Mo bu tèmi sí abọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo sáré. Màmá ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí apẹ̀rẹ̀ yẹn di ìsinsìnyí.

Bàbá ń fọ eyín nígbà tí mo dé. Mo ní, "Ìpele ìpele la ń kì í, àbí? Kí Òkè kì ìpele kan nínú páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí Odò kì èyí tó kàn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí Tẹ́ńpìlì àti Ọ̀nà ṣe bákan náà, títí yóò fi kún. Ẹni tó bá fẹ́ lu àlùjù, kó lu àlùjù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa jọ jẹ ẹ́."

Ó dúró pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Lọ sọ fún Baálẹ̀," ó ní. "Àmọ́ kúnlẹ̀ kí o tó la ẹnu."

Ọjọ́ kọkànlélógún

Mo kúnlẹ̀. Baálẹ̀ ń tún àwọ̀n ẹja rẹ̀ ṣe, kò gbójú sókè. Mo tọrọ ìdáríjì fún bí mo ṣe sọ̀rọ̀. Mi ò tọrọ ìdáríjì fún ohun tí mo sọ. Mo ro èrò mi fún un.

"Àwọn èèyàn mi máa lù ú le."

"Kí wọ́n lù ú bó ṣe wù wọ́n, Baálẹ̀. Kí wọ́n sáà lu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà."

"Kí agbára Òkè wá wọ inú páìpù Odò lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Agbára Odò náà á wọ tiyín."

"Èwo ni agbára Odò?"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín láti ibi ìdáná. Baálẹ̀ fẹ́ pa tirẹ̀ mọ́ra, kò lè pa á mọ́ra. Ó ní òun máa sọ fún àwọn yòókù.

Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Gbogbo wọn wá. A to páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró ní àgbàlá tẹ́ńpìlì, kálukú so aṣọ àdúgbò rẹ̀ mọ́ ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá, fóònù sì wà nínú agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. Òkè ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lu òòlù débi pé àwọn ẹyẹ kúrò lórí igi. Àwọn ará Ọ̀nà tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń fọwọ́ pẹ̀lẹ́ kì í.

Det kígbe sí wọn, "Ṣé ẹ fẹ́ kó sùn ni?"

"A ń tu ẹ̀tù nínú ni, lẹ́yìn ohun tí ẹ̀yin ṣe fún un."

Bàbá jókòó lórí àpótí, ó ń fi ọ̀pá kan náà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Ó ń mi orí.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìjà. Adìẹ kan fò kọjá lórí páìpù kejì nígbà tí a tẹ́ ẹ sílẹ̀. Obìnrin kì í ré páìpù kọjá, gbogbo ayé mọ̀. Àwọn ará Ọ̀nà ní àgbébọ̀ adìẹ, obìnrin ni. Òkè ní adìẹ kì í ṣe èèyàn. Ilẹ̀ fẹ́ ṣú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n lọ bi olórí tẹ́ńpìlì, ó ní kí wọ́n bi adìẹ.

Màmá mi gbé ìbẹ́pẹ gígún wá fún wa. Ó dúró jìnnà sí páìpù bó ṣe yẹ, ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, èyí tó já lọ́dún tó kọjá, adìẹ wo ló ré e kọjá?"

Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó kún. A gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwọ̀n ìrẹsì. Ọwọ́ ìwọ̀n dúró síbi kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Baálẹ̀ ní kí a tún ti Òkè wọ̀n, bóyá a ṣì í wò. A tún un wọ̀n. Bákan náà ni.

Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Bàbá lu ihò lónìí. Òun nìkan. Ihò kan nítòsí orí páìpù kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sílẹ̀, tó dagun díẹ̀, kí iná lè máa tú sílẹ̀ gbé e sókè, kó sì tún máa tì í yí. Tí ọ̀kan bá dagun ju èkejì lọ, a ti ṣe iṣẹ́ òfo. Mo di páìpù mú, mo gbá a mọ́ra bí ọmọ. Ìlu náà ń wọlé díẹ̀díẹ̀, òógùn ń sàn lójú Bàbá, ìyàwó rẹ̀ ń nù ún láti òkèèrè pẹ̀lú aṣọ tó so mọ́ ọ̀pá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ń mu omi. Kò gbọ̀n nígbà tó ń lu ihò.

Ọjọ́ karùn-ún

A di òrùka ọparun yí i ká. Ìdí páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé láàárín, orí wọn kan òrùka. Ó fẹ̀ ju yàrá wa lọ. Okùn iná mẹ́rin la gé láti ara okùn kan, a so wọ́n pọ̀ láàárín. Agboòrùn aṣọ tí yóò gbé e sọ̀ kalẹ̀ wà lórí, Màmá ló rán an. Ó dára. Ó dára gan-an ni. Mo rìn yí i ká títí Det fi bi mí bóyá mo fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kẹjọ

Afẹ́fẹ́ àti òjò winniwinni. A fi rọ́bà bò ó.

Ọjọ́ kẹwàá

Ojú ọ̀run mọ́ ní àárọ̀. A gbé e lọ sí pápá, èèyàn mẹ́rin lábẹ́ páìpù kọ̀ọ̀kan. Àwọn abúlé mẹ́ta yẹn ti wà níbẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ kòtò ẹrẹ̀, wọ́n ti da omi sí i kó lè rọ̀ dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn kígbe, "Ẹ̀yin àdúgbò mẹ́rin, ṣé ẹ ti kọ́ ẹlẹ́dẹ̀ yín ní ìwà?" Mo ní kó dúró.

Mo ti wọ aṣọ tí mi ò fẹ́ràn, nítorí ẹrẹ̀. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ pèpéle tí wọn yóò ti pe orúkọ. Ohùn gbohùngbohùn jáde: "Òbìrìkìtì àdúgbò mẹ́rin. Ẹni tó ni ín: Bàbá Phomma ti Odò."

Mo rò pé wọ́n ṣì í kà. Mo sáré lọ bá akọ̀wé, ó na ọwọ́ sí Bàbá, ó ní, "Òun ló ní kí n yí i padà." Mo sáré lọ bá Bàbá.

"Bàbá, kí lẹ ṣe?"

"Mo gba orúkọ mi."

"Ẹ wú ikọ́ títí òjò fi tán. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ yín."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹrẹ̀ ń bà mí lẹ́rù?" Ó ń wo òbìrìkìtì, kò wò mí. "Ṣé o rò pé èjìká nìkan ni mo fi ń jẹ́ Phomma? Bí iṣẹ́ mi bá já, èmi ni mo já. Lọ tan iná."

Mi ò ní ohun tí mo lè ṣe mọ́ ju kí n tan iná lọ. Okùn iná dún wìì, mo sá dé ẹ̀yìn òkìtì.

Iná dé ibi tí okùn mẹ́rin ti pàdé, ó pín. Mo ń wá èyí tí yóò falẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tan lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń hó, koríko wólẹ̀ yí i ká. Ó kúrò lórí pèpéle. Ó dé orí igi àgbọn, ibi tí tèṣí ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ó kọjá orí igi àgbọn.

Ó tẹ́jú. Ó tẹ́jú bí àwo omi lórí obìnrin tó ti ń pọnmi láti kékeré, tí kì í fọwọ́ kàn án. Èéfín mẹ́rin lọ́ mọ́ra wọn bí okùn kan, ó ń lọ sókè, ó kéré, ó di owó ẹyọ, ó wọ inú àwọsánmà. Det dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí.

"Ó ń yí jù," ó ní. "Mi ò rí aṣọ tiwa."

"Èmi náà ò rí tiwa."

Lẹ́yìn náà ni agboòrùn aṣọ Màmá ṣí lókè lọ́hùn-ún, funfun, òbìrìkìtì wa sì ń rọra bọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́jú síbẹ̀.

Àwọn Òkè ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ gba itan rẹ̀ kan, mo gba èkejì, a gbé e sí èjìká, wọ́n ń jó yí wa ká. Kò wúwo rárá. Mi ò tíì yangàn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mi ò sì fi pamọ́. Mo wá ẹni tó pè é ní ẹlẹ́dẹ̀, mo gbé Bàbá kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

A dé ẹ̀gbẹ́ kòtò, Bàbá lu mí lórí. "Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ níbí."

"Bàbá, ó gòkè."

"Mo rí i. Ojú ò fọ́ mi. Lọ́dún tó kọjá, ẹ jù mí sí i. Lónìí, mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi wọ̀ ọ́, kí n wò ó dáadáa."

Ó ká ṣòkòtò, ó wọlé, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó jókòó sórí ẹní, ẹrẹ̀ dé àyà rẹ̀. Ó wò yí ká. "Baálẹ̀ Sawat," ó ní, "òòlù yín ti ọdún tó kọjá ń kí yín. Ẹ bọ́ sílẹ̀."

Baálẹ̀ bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, mi ò mọ ẹni tó tì mí.

Ọjọ́ kejìlá

Òjò gidi dé. Ilẹ̀ ti rọ̀. Ọ̀gá pè láti Bangkok, ó ní àyè ti kún. Màmá ní, "Mo sọ fún ẹ." Ó bu ìrẹsì sí i fún mi.

Kí n tó lọ sóko láàárọ̀, mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé Bàbá Phomma, mo dúró sínú òjò, mo tẹ́tí. Mo dúró pẹ́. Kò sí ikọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lókè nítorí ata tí kò tó nínú ọbẹ̀.

Mo lọ tú oko.